Ta Ló Lu Ilé Ẹlẹ́sẹ̀?

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Sàrátù kì í lọ sílé tààrà. Á tún ìbòrí rẹ̀ wé, á gba ẹ̀yìn àwọn tó ń to agbọ̀n ẹja kọjá, á sì yà sí ṣọ́ọ̀bù Kingsley tó ń tún ẹ́ńjìnnì bóòtù ṣe létí èbúté Igbókọ̀dá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa rò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ̀ ló ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Ẹ́ńjìnnì kọ́. Iyàn ló ń lọ jà.

Sàrátù ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ẹja gbígbẹ àti edé ló ń tà. Ọkọ rẹ̀, Mùíz, ń wa bóòtù èrò láti Igbókọ̀dá lọ sí àwọn abúlé etí òkun. Khalidat ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé ọkọ ní Oǹdó, Sàlímátù, ìyá tó bí Sàrátù, tó ti dàgbà, sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń bá a ṣa edé. Nídìí ọjà, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá ní ẹja rẹ̀ wọ́n, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa to ẹja rẹ̀ lọ. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àwo orin kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹlẹ́sẹ̀, ìwà jẹ́jẹ́ yẹn á lọ sinmi ná.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún ló ṣe àwo náà lọ́dún 1978. Ọmọ etíkun Ìlàjẹ ni mẹ́rin nínú wọn, ìkarùn-ún tó jẹ́ olórin wọn sì jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀. Ìgbì Márùn-ún ni wọ́n pe ara wọn. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, orin gìtá oníná tó ń ké bí ẹni tí ìwọ̀ há sí lẹ́nu, ṣùgbọ́n èdè tiwa ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwo kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi tú ká. Olórin wọn kú sí Èkó, ọ̀kan di oníwàásù, wọ́n ní àwọn yòókù bá ọkọ̀ apẹja lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Orin mẹ́rin ló wà lójú kìíní àwo náà. Ojú kejì jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Ìgbì Kẹfà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko, gìtá nìkan, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni iyàn náà bẹ̀rẹ̀. Mùíz ní kí Sàrátù bá òun gba ẹ́ńjìnnì kan wá lọ́dọ̀ Kingsley. Ó dé ibẹ̀, ó bá Kingsley níbi tó ti dojú bolẹ̀ tó ń fọ kabúrétọ̀, tó sì ń kọ orin náà pé ilé òun lẹ́sẹ̀, kò lè sùn. Sàrátù dúró. Ó ní, "Kò lè rìn ni. Ilé wo lo rí tó ń sùn?" Kingsley ní bí òun ṣe gbọ́ ọ nínú mẹ́mọ̀rì fóònù òun nìyẹn. Sàrátù ní a jẹ́ pé mẹ́mọ̀rì náà dití. Wọ́n gbọ́ ọ papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Kingsley gbà pé rìn ni, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yìí ló wá dá wàhálà sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí Tíṣà Jọọlá fi bá wọn dá sí i. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ló ń gbé. Ńṣe ló wá bínú lọ́jọ́ kan pé ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí òun sùn lọ́sàn-án. Ó bá àwọn méjèèjì lẹ́nu iyàn, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní àwọn méjèèjì ni kò gbọ́ orin náà yé, ó sì wá ibi jókòó sí. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó Tíṣà kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ̀n àárín. Ó ra ìwé kan tó fi ń fún orin kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí ìgbà tó ṣì ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ó fún orin àkọ́kọ́ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó fún Ìgbì Kẹfà ní mẹ́ta, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́ dára, ìyókù dà bí ẹ́ńjìnnì tí epo ń tán nínú rẹ̀ tí kò sì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Kingsley kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí máàkì mẹ́ta yẹn, torí ní tirẹ̀, Ìgbì Kẹfà ni orin tó dára jù láyé.

Ṣùgbọ́n orin àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àwo, ni wọ́n máa ń jà lé lórí jù. Ìró kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò-kò-kó, kò-kò-kó, bí ẹni ń lu pákó, kí gìtá tó já wọlé, kí olórin tó wá gbé e:

Ilé mi lẹ́sẹ̀, kò lè rìn,
Èmi lẹ́sẹ̀, n ò lè dúró,
Ẹ bá mi kí omi tó wà láàárín wa.

Kingsley, tí Beauty ìyàwó rẹ̀ ti já sílẹ̀ rí kó tó padà wá, ní orin ìfẹ́ ni. Ó ní obìnrin ni ilé, ọkùnrin alárìnká tí kò lè fìdí mọ́ ibì kan ló ń kọrin. Tíṣà ní rárá o, orin àwọn apẹja tó ṣí lọ sí Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù ni, àwọn tó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n fi òpó gbé ró lójú omi, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ẹja kiri. Ní ti Sàrátù, òkun gan-an ni orin náà ń bá wí. Ilé orí òpó tí wọ́n bí i sí ní Zion Pepe létí òkun kò sí mọ́. Òkun ti bù ú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí igun tó kẹ́yìn yẹ̀. Ilé náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó rí omi tó ń bọ̀, kò sì lè sá. Ó ní ẹni tó bá sọ pé orin obìnrin ni, ojú rẹ̀ kò tíì rí nǹkan. Tíṣà bi í léèrè pé báwo ni àwọn tó kọrin lọ́dún 1978 ṣe máa mọ̀ pé òkun yóò gbé ilé bàbá rẹ̀. Sàrátù ní òkun kò bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ohun kan wà nídìí orin náà tí Sàrátù kò sọ fún wọn rí.

Bàbá rẹ̀, Fàrúkù, apẹja ni. Ó ga, ó sì máa ń dé fìlà funfun àní bó bá tiẹ̀ wà nínú omi dé àyà. Nígbà tí Sàrátù wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ọlọ́kọ̀ kan gbé àwo Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ wá fún bàbá rẹ̀ láti Èkó, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ. Bàbá fi ìṣó kọ́ páálí rẹ̀ mọ́ ògiri, àwo sì wà nínú rẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ìbátan tó wà lókè òkun. Ìgbà tí oníṣòwò kan tó ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wá gbé ládùúgbò wọn ni wọ́n tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìró kò-kò-kó yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, Fàrúkù dìde dúró. Ó ní, "Èmi nìyẹn. Èmi ni mò ń lu nǹkan yẹn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Fàrúkù kò dé Èkó rí, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára páálí. Orúkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sí ìkẹfà. Ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Níbi tí wọ́n bá ti ń tún àwọ̀n ṣe, níbi ìsọmọlórúkọ, á ní òun ló wà nínú àwo. Wọ́n sọ ọ́ ní Fàrúkù Onírẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí Sàrátù pé ọmọ ọdún méjìlá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lójú omi. Ó délé, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́ mọ́, pé ojú ń ti òun. Bàbá wò ó, ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò tún sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé ibi ìró kò-kò-kó, Sàrátù á dákẹ́. Kingsley á mú púláyà, á máa fi lu orí ẹ́ńjìnnì, á ní ìlù wo nìyí gan-an. Tíṣà á ní àgídìgbo ni. Sàrátù á wo ojú omi.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan lẹ́yìn iléyá, obìnrin kan tẹ̀ lé Sàrátù láti ìsọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Kingsley, torí edé tó fẹ́ rà kò tíì gbẹ tó, Sàrátù sì ti ní kó ní sùúrù díẹ̀. Àràmídé ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ó jókòó, ó ń gbọ́ iyàn wọn, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Tíṣà tó kórìíra kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa rẹ́rìn-ín bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó kàn ń ṣe òun ní kàyéfì ni, pé bàbá òun ló ta gìtá tí wọ́n ń jà lé lórí yìí.

Kingsley gbé púláyà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àràmídé ṣàlàyé. Ọpẹ́fólúwa ni bàbá òun, orúkọ rẹ̀ ni ìkejì lára páálí. Ó lo ọdún méjìlélógójì ní Gàbọ́ọ̀nù, ọdún tó kọjá ló padà dé, Òde Ugbò ló wà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bi í nípa orin mọ́, òun gan-an ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń gbọ́ ọ. Tíṣà ti ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n á lọ rí i sí Sannde, lẹ́yìn ìsìn.

Bóòtù Mùíz ni wọ́n wọ̀. Kingsley ti fi ọjọ́ méjì gbáko tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe nítorí ìrìn àjò náà, ó sì ti búra pé kò ní húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí wọ́n á fi dé. Ìdajì ọ̀nà ló kú sí, láàárín koríko omi. Mùíz yíjú wo Kingsley, ó sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Bí Kingsley ṣe ń yọ púlọ́ọ̀gì nù, Tíṣà ń ka àwọn ìbéèrè tó ti kọ sílẹ̀ sókè, ìbéèrè mẹ́rìnlá. Wọ́n ń jà lórí èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi bàbá, ẹ́ńjìnnì sì ti dáhùn tipẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Sàrátù gbé páálí àwo bàbá rẹ̀ lé itan, ó fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa ta sí i.

Bàbá Àràmídé jókòó lórí àga lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, ó wọ sòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì, irun rẹ̀ funfun báláú. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn. Wọ́n kí i, wọ́n jókòó. Sàrátù tú ọ̀rá, ó fi páálí náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Bàbá gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń wo àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó dúró lórí afárá pákó nínú fọ́tò náà. Ó ní ó ti tó ogójì ọdún tí òun ti rí i kẹ́yìn. Òun gan-an kò ní ọ̀kan.

Tíṣà mí kanlẹ̀, ó ṣí ìwé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kìíní. Kí ni ìtumọ̀ Ilé Ẹlẹ́sẹ̀?"

Bàbá ní òun kò mọ̀. Ó ní olórin àwọn ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ti kú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bi í nígbà náà, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn tirẹ̀. Èyí tó fún òun ni pé òun yóò mọ̀ tí òun bá dàgbà. "Mo ti dàgbà báyìí," ni bàbá wí, "mo ṣì ń dúró." Ó wá ní kí wọ́n sọ tiwọn fún òun. Wọ́n sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Sàrátù sọ ti ilé tí òkun gbé, bàbá ní òun gbọ́.

Kingsley kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bi í léèrè nípa Ìgbì Kẹfà, pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó fi ta gìtá fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ni àwọn fẹ́ ṣe. Ẹni tó ń ká orin sílẹ̀ ló yẹ kó juwọ́ sí àwọn pé ó tó, ṣùgbọ́n ó ti jáde lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó juwọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti dúró, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ ba téèpù jẹ́. Òun ń ta á lọ títí tí ọkùnrin náà fi padà dé, tó ń fi igi tayín.

Tíṣà fi ìlà sábẹ́ máàkì mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀, ó wo Kingsley. Kingsley kò rẹ̀wẹ̀sì rárá. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn pé láti òkè ló ti wá, pé ẹni tó ń jẹun kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an.

Lẹ́yìn náà ni Kingsley béèrè ti ìró kò-kò-kó. Ó ní ìlù wo ni.

"Kì í ṣe ìlù," ni bàbá dáhùn. "Dúrọ́ọ̀ tábìlì ni, ní ilé tí a ti ká a l'Ékòó. Mo fà á yọ, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi lù ú."

Gbogbo ọdún tó ti ń wo ojú omi, ìdí tí kò fi béèrè nìyí: kó má bàa gbọ́ ohun tó gbọ́ yìí. Ó kọ́kọ́ rò ó pé òun yóò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló rántí bí bàbá òun ṣe wo òun lọ́jọ́ yẹn tó ní òun ti gbọ́, ó sì rí i pé bí òun bá dákẹ́ níhìn-ín, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun pa á lẹ́nu mọ́.

Ó ní, "Bàbá mi sọ pé òun ni."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Kingsley àti Tíṣà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí.

Bàbá Àràmídé béèrè pé ta ni bàbá rẹ̀. Ó ní Fàrúkù ni, ará Zion Pepe. Bàbá sinmi páálí lórí itan. Ó ní, "Ọkùnrin gíga kan. Ó máa ń dé fìlà nínú omi."

Sàrátù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu bàbá bí ẹni ń fa àwọ̀n tó wúwo. Ó ní oṣù mẹ́ta ni àwọn fi kọ́ orin àwo náà ní Zion Pepe, torí wọ́n ti lé àwọn kúrò ní gbogbo ibi yòókù nítorí ariwo. Fàrúkù ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ẹrù àwọn kiri. Láàárọ̀, bó bá ti ta àwọ̀n yíká, á máa fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti lé ẹja wọlé. Òun wà lórí afárá lọ́jọ́ kan, òun gbọ́ ọ, òun sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ́ òun, òun kò mọ̀ ọ́n lù, torí òun ń kà á, Fàrúkù kò sì kà á. Fàrúkù ní ẹja ni kí òun máa rò, kí òun má ka nǹkan kan. Nígbà tí àwọn dé Èkó, òun lu dúrọ́ọ̀ yẹn títí ìka òun fi wú.

"Ọwọ́ mi ni," ni bàbá wí. "Ìlù rẹ̀ ni. A ní a ó kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní àyè ò sí mọ́. A fi àwo kan ránṣẹ́ sí i, mo ní nígbà tí mo bá dé, màá ṣàlàyé fún un. Mi ò dé mọ́."

Sàrátù kò sunkún. Ó fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì tó jókòó lé, bí ó ṣe rántí rẹ̀ láti inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń gbọ́n omi dà nù. Kò jọ ti inú àwo tán. Ó yára díẹ̀ níbì kan, ó sì dúró níbi tí ti àwo kò ti dúró. Bàbá Àràmídé dìde dúró. Ó ní ibi tí kò yé òun fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn, ibi ìdúró yẹn, pé òun sáré kọjá rẹ̀ nínú àwo, ó sì ti ń dun òun láti ìgbà náà. Ó ní kó tún un lù. Sàrátù tún un lù. Àràmídé gbé gìtá kan jáde látinú ilé, okùn rẹ̀ kò pé, bàbá sì bá a ta á, òun àti Sàrátù, títí tí àwọn ọmọ aládùúgbò fi kún iwájú ilé, tí Mùíz tó dúró ti bóòtù fi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò, bàbá béèrè bíírò lọ́wọ́ Tíṣà. Ó kọ orúkọ Fàrúkù sábẹ́ orúkọ márùn-ún ara páálí náà, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó fi àmì sí i dáadáa.

Iyàn tún bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jìnnà sí èbúté Òde Ugbò. Tíṣà ní ẹni tó lu nǹkan ni onílù, pé bí ó ti wù kó dunni tó, òótọ́ ni òótọ́. Kingsley ní ẹni tó ni ìlù ni onílù. Ó ní bí òun bá kọ́ ẹnì kan ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí onítọ̀hún sì tún ọ̀kan ṣe, ta ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mùíz, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn, ní bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ti òní yìí ni, kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sàrátù rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ẹ̀gbẹ́ bóòtù mú.

Nígbà tó délé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa edé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí Sàrátù parí, ó ní òun mọ̀ pé Fàrúkù kọ́ ọmọ náà ní ìlù. Òun ló ń ro púpurú fún àwọn márààrún fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì jẹun púpọ̀.

Ẹnu ya Sàrátù. Ó ní, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ ọ́?"

"Bàbá rẹ kò dé Èkó," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Mo mọ̀ pé ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé òun ló wà nínú àwo. Mo rò pé irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo bá dákẹ́ fún un." Ó da edé sínú agbọ̀n. Ó ní ká má tiẹ̀ wò ó, ta ló bi òun léèrè rí nínú gbogbo wọn?

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Sàrátù kò dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kingsley. Ó mú ìyá rẹ̀ dání, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí pákó èbúté. Kingsley nu àga kan fún màmá, Tíṣà dìde kí i. Wọ́n gbé orin náà sí i létí nínú fóònù. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń kọrin yẹn, ẹ̀rù omi máa ń bà á. Ọmọbìnrin kan wà ní òdìkejì ilé àwọn tó wù ú, afárá pákó tóóró ló sì wà láàárín, kò lè gun ún. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí á máa kí ọmọ náà láti òkèèrè. Ohun tó sọ di orin nìyẹn.

Kingsley dìde, ó lu àyà, ó ní ṣebí òun ti sọ ọ́ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé orin ìfẹ́ ni. Sàrátù ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ìyá òun, òun kò gbà. Ó ní èèyàn lè máa kí ọmọbìnrin kó sì jẹ́ pé òkun ló ń rí. Ìyá rẹ̀ ní òun wà níbẹ̀, Sàrátù ní òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí ilé lọ. Tíṣà ti fa ìlà sí ojú ewé tuntun. Ó ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, ó kọjú sí ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bí omi tó wà láàárín ilé méjèèjì ṣe fẹ̀ tó. Ìyá àgbà ní kí wọ́n kọ́kọ́ sún àga òun síbi tí oòrùn kò ti pa òun, ọ̀rọ̀ náà gùn.